Àrùn tí Mo Kà sí Ìyálé Mi Lọ́rùn

Àwọn tó ń sọ ìtàn ìdálẹ̀ wọn máa ń ní iṣẹ́ ló gbé àwọn kúrò nílé. Èmi ò ní parọ́, owú ló gbé mi dé Warri. Ọkọ mi ti ń tajà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó fẹ́ mi, ìyálé mi sì wà ní Ṣakí pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyálé mi lọ wo Warri. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òjò ibẹ̀ kò mọ ìgbà tó yẹ kó dá, ó bá padà sílé. Nígbà tí wọ́n wá ń bi mí bóyá èmi lè bá ọkọ gbé níbẹ̀, mi ò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà tán. Lọ́kàn tèmi, ẹni tí ọkọ ń jí bá láràárọ̀ ló ni ọkọ.

Mi ò tètè mọ̀ pé èèyàn lè bá ọkọ gbé inú yàrá kan ṣoṣo kó má sì rí i gbà tán. Bàbá Kudi ni gbogbo ọjà ń pè é. Kudi ni àkọ́bí ìyálé mi. Nígbà tí mo bí Ràímọ̀ lọ́dún kejì, mo rò pé orúkọ yóò yí padà, ṣùgbọ́n Bàbá Kudi náà ni wọ́n ń pè é lọ. Èmi alára, nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó kì í pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ, Bàbá Kudi ni mò ń pè é. Bí oúnjẹ bá jinná báyìí, tí mo bá fẹ́ kó wá jẹun, ọmọ ìyálé mi ni màá kọ́kọ́ dárúkọ.

Omi ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Warri. Agbassa là ń gbé, nínú ilé oníyàrá mẹ́jọ tó dojú kọ ara wọn, ilé ìyàgbẹ́ méjì, balùwẹ̀ kan, kànga kan. Bí o bá fa omi náà, ó mọ́. Bí o bá fi sílẹ̀ díẹ̀, ó ti pọ́n bíi tíì. Hìjáàbù mi funfun tí mo gbé láti ilé di pupa rúsúrúsú láàárín oṣù kan. Ará ilé wa kan, Mama Ejiro, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi álọ́ọ̀mù sínú dùrọ́ọ̀mù omi. Òkúta funfun ni, ó dà bíi ṣúgà oníhóró. O ó fi ro omi, o ó fi sílẹ̀, ìdọ̀tí á sọ̀kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, omi á tòrò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gba òkúta yẹn gbọ́.

Lẹ́yìn omi ni èdè. Bọ́tìnì, síìpù àti lẹ́sì ni mò ń tà fún àwọn aránṣọ. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo pàtẹ, aránṣọ kan bi mí ní iye síìpù, mo dá a lóhùn, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Madam, no vex o, but this your price don craze."

Mo rò pé ó pè mí ní wèrè. Mo bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ tábìlì bí ẹni tó ń wá nǹkan, mo sunkún níbẹ̀ títí ó fi lọ. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn dé, ó na ọwọ́ sí síìpù méjìlá, ó dá iye kan tí kò tó owó ọkọ̀ mi. Mi ò tiẹ̀ ronú kí ẹnu mi tó là.

"Aunty, na your own price craze pass."

Gbogbo ìlà wa pariwo. Ọkùnrin tó ń ta bọ́tìnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo pe màámi ní Ṣakí lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo ní mo ti bá wọn jà lédè wọn. Màámi ní, "Ṣé o borí?" Mo ní mo borí. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kó di àṣà.

Ṣùgbọ́n èdè ọjà kì í ṣe èdè tí èèyàn fi ń sọ ohun tó ń ṣe é lábẹ́ aṣọ. Ní Warri, "Yoruba woman" ni mo jẹ́. Tí mo bá lọ sílé, "ìyàwó Warri" ni wọ́n ń pè mí. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ mi pè mí bí kò ṣe lẹ́nu màámi, wọn kì í sì í ṣe ẹni tí mo lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún.

Oṣù méjì-méjì ni Bàbá Kudi máa ń lọ sí Ṣakí, á lo ọjọ́ mẹ́wàá. Èmi ni mo máa ń di ẹrù rẹ̀. Màá ká jalabíà rẹ̀ dáadáa kí obìnrin mìíràn lè tú u. Tí mo bá pè é níbẹ̀, màá máa gbọ́ ẹ̀rín Kudi lẹ́yìn rẹ̀, màá gbọ́ ìyálé mi tó ń sọ pé, "Ẹ bá mi kí ìyàwó mi o." Ràímọ̀ á já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Gbogbo Yorùbá ni ọmọ náà gbọ́, ṣùgbọ́n èdè Warri ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Big Mummy, when you dey come?"

Ìyálé mi tí kò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, á máa dá a lóhùn ní Yorùbá, àwọn méjèèjì á sì gbọ́ ara wọn yé. Ọmọ tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án gbé! Bí ọkọ mi bá sì ń bọ̀, á gbé wàrà díndín dání. Wàrà ni ìyálé mi ń tà, gbogbo àdúgbò wọn ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Mi ò jẹ ẹ́ rí. Mama Ejiro ni mò ń gbé e fún, òun á jẹ ẹ́, á lá ọwọ́.

"Your mate sabi this thing o."

Òun náà ni mo wá sọ ọ́ fún lọ́jọ́ kan, pé tí ọkọ mi bá ti Ṣakí dé, ó máa ń ṣe bí ẹni pé kò tíì dé tán. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"And you siddon dey look? Grind alum small, put for warm water. Wash inside well well before e reach house. E no go remember who dey Ṣakí."

Láti ìgbà náà, bí Bàbá Kudi bá ti pè pé òun ti dé Ọ̀rẹ̀, màá gbé omi kaná. Kẹ́tùlù tí mo fi ń ṣe àlùwàlá ni màá po álọ́ọ̀mù náà sí, pẹ̀lú ọṣẹ olóòórùn dídùn díẹ̀. Màá fọ abẹ́ mi, màá fọ inú rẹ̀ lọ́hùn-ún, títí tá á fi máa ta mí. Mo ka títa náà sí àmì pé ó ń ṣiṣẹ́.

Kì í pé ọ̀sẹ̀ kan tó bá ti dé ni àrùn náà fi ń bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ á máa yún mi, omi eléérú á máa dà, òórùn rẹ̀ á sì máa ṣe bíi ti ẹja. Onímọ̀ kẹ́mísì tó wà ní oríta wa kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán kó tó ní, "Na toilet infection." Ó fún mi ní kápúsù, ó gún mi lábẹ́rẹ́. Ó lọ. Lẹ́yìn oṣù méjì, ó tún dé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn ará ilé jà lórí ilé ìyàgbẹ́. Mò ń da omi gbígbóná sí i kí n tó wọlé, mò ń dúró lóòró bí ológun. Ó tún padà wá. Ní ìgbà kẹta, onímọ̀ kẹ́mísì náà bi mí bóyá ọkọ mi máa ń rìnrìn àjò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi mí bóyá ó ní ìyàwó mìíràn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí.

"Madam, na from there e dey come."

Ojú mi là kedere. Mo fi ìka ka gbogbo ìgbà tó ti ṣe mí. Kò sí ọ̀kan tí kì í ṣe lẹ́yìn tí ọkọ mi ti Ṣakí dé. Ẹ̀rí wo ni mo tún ń wá? Kò sẹ́ni tó yẹ̀ mí wò, kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lára mi lọ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n owú ti dá ẹjọ́, ó sì ti dá ìyálé mi lẹ́bi.

Kí n sọ bó ṣe rí. Ní mọ́sáláṣí, mo kọ́kọ́ sún sẹ́yìn sí ìlà tó kẹ́yìn, níbi tí bàtà wà. Nígbà tó yá, mi ò lọ mọ́, ilé ni mo ti ń kírun. Nídìí ọjà, bí oníbàárà bá bẹ̀rẹ̀ wo bọ́tìnì, màá fà sẹ́yìn kó má baà gbóòórùn mi. Oorun ò dùn, ìjókòó ò dùn. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó fi í ránṣẹ́ sí mi wà ní Ṣakí, ó ń dín wàrà, gbogbo ayé ń kí i.

Nígbà tí ọkọ mi tún lọ, mo pè é lọ́sàn-án, mo ní kó ṣí ohùn fóònù síta kí n lè kí ìyá rẹ̀. Mo kí wọn tán. Mo mọ̀ pé agboolé kún, mò ń gbọ́ ohùn wọn. Mo wá sọ ọ́.

"Ìyálé mi, ẹ lọ tọ́jú ara yín o. Ẹ yé fi àrùn abẹ́ ránṣẹ́ sí mi ní Warri."

Ohùn adìyẹ kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ìyálé mi, kò le, kò sì pariwo. Ó ní, "Ìyàwó, èmi?" Ìyá ọkọ mi pa fóònù náà.

Ọkọ mi kì í ṣe ẹni tó fẹ́ràn ìjà. Nígbà tó dé, ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí òun ṣe, mo ní kó má lọ sí Ṣakí mọ́ títí obìnrin yẹn yóò fi tọ́jú ara rẹ̀. Ó wò mí, ó ní kò burú. Oṣù márùn-ún ni kò fi lọ. Ọwọ́ awakọ̀ ló ń fi nǹkan rán sílé. Mo ra kọ́tìnì tuntun. Mò ń kọrin nídìí bọ́tìnì mi, inú mi dùn, kí n má purọ́.

Ṣùgbọ́n ọkọ tí mo gbà náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Á jókòó síwájú ilé, á máa wo títì. Nígbà tí mo rí i pé ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ mi, mo fi kún fífọ̀ mi. Ohun tí mo ń ṣe ní oṣù méjì-méjì, mo sọ ọ́ di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹta, àrùn náà padà dé, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọkọ mi kò sì lọ síbì kankan!

Orí mi gbóná. Mo ní ó ti rí òmíràn, ní Warri níbí. Mo ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ó máa ń lọ sí Airport Road. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan mo ti ìsọ̀ mi, mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tẹ̀lé e. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù bàtà kan. Mo dúró lódìkejì, mò ń retí obìnrin tí yóò bá a jáde. Òun nìkan ló jáde. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó kó sáńdà iléèwé mẹ́ta jáde nínú ọ̀rá, ó wá yọ ẹyọ igi ìgbálẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti ṣẹ́ nínú àpò rẹ̀. Ó ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn inú bàtà. Ìyálé mi ló fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wọn ìgbálẹ̀ náà, tó fi rán awakọ̀ sí i. Ó yẹ kí ojú tì mí. Ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ni mo dúró tí mò ń jowú.

Mi ò lè padà sí kẹ́mísì, nítorí ẹ̀rí mi ti fọ́. Mo lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ubeji, lẹ́bàá odò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ mí. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ jẹ́ ìyá àgbàlagbà, ọmọ Ìlàjẹ. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń fi èdè Warri tiraka sọ ọ̀rọ̀ náà, ó ní, "Ẹ sọ Yorùbá, ìyá, kí ọ̀rọ̀ lè yá." Ẹkún ni mo kọ́kọ́ sun. Ìgbà mẹ́ta ni mo wí fún ẹni tó ń ta oògùn pé "toilet infection," ọ̀rọ̀ náà kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Níwájú obìnrin yìí, mo ní yíyún, mo ní títa, mo ní òórùn, mo ní ìtìjú, gbogbo rẹ̀ lédè mi.

Ó yẹ̀ mí wò. Ó fi òwú gba omi ojú ara mi, ó gba ìtọ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó ní kí n padà wá ní ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo padà, ó ní kò sí àtọ̀sí, kò sí ọ̀kankan nínú àwọn àrùn tí ọkùnrin ń kó wálé. Ó ní àwọn kòkòrò rere tó ń ṣọ́ ojú ara mi ló ti kú, tí àwọn búburú fi gba ipò wọn.

"Kí lẹ fi ń fọ ibẹ̀?"

Mo sọ fún un. Kódà mo fi yangàn díẹ̀. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Tí nǹkan bá kó sí yín lójú, omijé ló ń fọ̀ ọ́. Ṣé ẹ máa ń bu álọ́ọ̀mù sójú?"

"Rárá."

"Ojú ara náà ń fọ ara rẹ̀. Ìta nìkan ni tiyín, omi lásán sì tó o. Ta ló ní kí ẹ máa fọ inú?"

"Nítorí ọkọ mi ni."

"Ọkọ yín ló ní kí ẹ ṣe é?"

"Rárá o. Ìyálé mi ni…"

"Ìyálé yín ló ní kí ẹ ṣe é?"

Mo bi í pé ṣé kò sí ohun tó ti Ṣakí wá rárá. Ó ní rárá, ó ní àlàyé rẹ̀ kò ju pé ìgbà tí mo bá fọ̀ ọ́ ló ń dé. Ó fún mi ní oògùn ọjọ́ méje, ó ní kí n lò ó tán bí ara bá tiẹ̀ ti yá. Ó ní tó bá tún padà, kí n wá kí wọ́n yẹ̀ mí wò kí n tó gbé oògùn mì, nítorí ó máa ń padà ṣe àwọn obìnrin kan tí wọn kò fọ nǹkan kan rárá, kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Ara mi yá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi mọ òtítọ́ tí mi ò sọ ọ́. Bí mo bá sọ ọ́, Bàbá Kudi yóò gbé báàgì. Bí mi ò bá sọ ọ́, tèmi nìkan ni, ara mi sì ti le. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ní ìyálé mi ti ní i fún ọdún púpọ̀ ṣáájú mi, kó fún mi ní ìwọ̀nba tèmi náà. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mò ń bá ara mi sọ bí mo bá ń to bọ́tìnì.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ìyá ọkọ mi pè é. Ó lọ dá gbọ́ ọ níta. Nígbà tó wọlé, oúnjẹ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, kò fọwọ́ kàn án.

"Wọn ò ra wàrà lọ́wọ́ ìyá Kudi mọ́," ó ní. "Láti ọjọ́ tó o ti sọ̀rọ̀ yẹn. Wọ́n ní ẹni tó ní àrùn abẹ́ kò gbọdọ̀ fún àwọn ní nǹkan jẹ. Ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, wọn ò rí nǹkan kan. Ta ni yóò ka ìwé ìyẹn fún ará ọjà? Ó gbé wàrà lọ sí àdúgbò kejì, ọ̀rọ̀ náà ti débẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó ti da ìkòkò dé."

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe mí ni pé ó dùn mọ́ mi. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo rí igbá wàrà tó ṣófo lójú inú mi, ó dùn mọ́ mi fún ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìsọ̀ tèmi. Èmi náà ń tajà. Mo mọ bó ṣe máa ń rí kí èèyàn pàtẹ kí wọ́n máa wò ó kọjá. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi, láti orí álọ́ọ̀mù dé Ubeji.

"Láti ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

Ó dìde, ó ti oúnjẹ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lọ sí mọ́sáláṣí. Ì bá bú mi, ì bá sàn.

Mo pe ìyálé mi fúnra mi. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sọkún, mo ní èṣù ni. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Ìyàwó, ojú gbogbo ayé lo ti bà mí lórúkọ jẹ́. Má bẹ̀ mí ní kọ̀rọ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ sí agboolé, ó ṣí fóònù sílẹ̀. Ní Warri, mo jókòó sórí àpò bọ́tìnì, mo fi ìborùn bo ẹnu. Mo mọ ohùn àwọn obìnrin náà, àwọn kan wà lára wọn tí wọ́n pọ̀n mí dàgbà. Mo ní, "Èmi ni mo ń fi álọ́ọ̀mù fọ abẹ́ mi nítorí owú. Òun ló ń fa àrùn sí mi lára. Ìyálé mi kò ṣe nǹkan kan. Ara wọn mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra wàrà wọn."

Ẹnì kan pariwo pé, "Álọ́ọ̀mù? Ṣé odò lo fẹ́ kó tòrò ni?" Ẹ̀rín sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, mo sì mọ̀ pé kó tó di ìrọ̀lẹ́, màámi yóò ti gbọ́. Ìyá ọkọ mi ní owú ni kò jẹ́ kí n gbọ́n. Mi ò jiyàn.

Mo rò pé ó ti parí, àfi ìgbà tí mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn pa dé, tí ariwo wọn rọlẹ̀. Ìyálé mi ti gbé fóònù wọ yàrá.

"Ìyàwó, álọ́ọ̀mù yẹn, ṣé ó máa ń ta ọ́?"

"Ó máa ń ta mí gan-an, mà."

"Èmi náà, ó ta mí. Ọdún tí wọ́n ń múra àtigbé ọ wọlé ni. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lò ó. Wọ́n ṣì gbé ọ wọlé."

Mo ní, "Ẹ má bínú, mà." Ó ní kí n kí Ràímọ̀, ó ní àwọn obìnrin ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń bi òun ìgbà tí wàrà máa wà.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, mo di ẹrù ọkọ wa, mo sìn ín dé ibùdókọ̀, mo sì jowú títí mọ́tò fi gbéra.